Ìbọn Kírìjì tó wà lájà ilé wa

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi èyí síwèé ìròyìn.

Nígbà tí bàbá mi papòdà ni wọ́n gbé ìbọn kan sọ̀ kalẹ̀ látàjà fún mi n'Íléṣà, wọ́n ní ojú ogun Kírìjì ló ti wá. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo rí adé kékeré kan lára irin ẹ̀, VR wà lábẹ́ ẹ̀, ìyẹn Ọbabìnrin Victoria, ẹ̀yìn ni wọ́n sì ti ń ki ọta sí i, ibẹ̀ máa ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọrí. Snider ni, irú ìbọn òyìnbó kan! Irú ẹ̀ làwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ bá Ìbàdàn jà, tó wà l'Ékòó ń rà ránṣẹ́ sílé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń ro ẹ̀tù sẹ́nu ìbọn tiwọn, ogun ọ̀hún sì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun ò tú ká lójú ogun àfi 1893.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹnì kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ lóun á bá mi fi sáńpépà họ ọ́ kó lè dán, kí n tó pariwo ó ti họ nọ́ńbà ìdí ẹ̀ dànù. Nọ́ńbà yẹn ni ìtàn ẹ̀, òun náà ni owó ẹ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní irú ẹ̀, bó dípẹtà ẹ má họ ọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kẹ́ni tó mọ̀ ọ́n wò ó bóyá ọta wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ yà á ní fọ́tò, kẹ́ ẹ sì bi àwọn àgbà ẹni tó gbé e délé. Ẹ má tà á fáwọn tó fẹ́ yọ́ gbé e kọjá bọ́dà o, òfin ò gbà á.

Tẹ́nìkan bá ní irú ẹ̀ n'Ímẹ̀sí-Ilé tàbí Igbájọ, níbi táwọn ọmọ ogun pàgọ́ sí nígbà náà, ẹ kọ̀wé síbí, mo fẹ́ fi wé tiwa.

Èmi ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan.