Ọ̀gá Wa

Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti ìdílé rẹ wà ní Kánádà? Ẹkún kò jẹ́ ká sọ̀rọ̀ dé ibì kan lórí fóònù lọ́jọ́ tí mo túfọ̀ ọ̀gá wa fún ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà. Ìwọ tí a jọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lábẹ́ wọn, ó yẹ kí o mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe lọ.

Wọn kò ṣàìsàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà Ìkìrun, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń júwe fún àwọn ọmọ iṣẹ́ bí wọn yóò ṣe so jíà padà. Wọ́n kírun Iṣáì, wọ́n jẹ àmàlà díẹ̀, wọ́n sùn. Nígbà tí Ìyá, ìyàwó wọn, pè wọ́n fún ìrun Àsùbáà, wọn kò dáhùn mọ́. Ọjọ́ náà gan-an la sin wọ́n, bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe là á kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, èrò pọ̀! Awakọ̀ wá, fọkanáísà wá, àwọn tó ń ta pàátì ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa, àwọn oníbàárà tó ti kó lọ sí Ìbàdàn náà dé.

Láti ọjọ́ náà, etí ọ̀gá ni mo ń rò. Ṣé o rántí pé wọn kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan sípánà kí wọ́n tó gbọ́ ohùn ọkọ̀? Wọn á ní kí a sítáàtì rẹ̀, wọn á gbé ẹnu sikurú-díráfà gígùn yẹn lé ara ẹ́ńjìnnì, wọn á fi ìdí rẹ̀ ti etí, wọn á dijú. Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti mọ̀ bóyá fáàfù ló ń ké tàbí bíárín. Wọn á wá lọ wo sàléńsà. Bí èéfín bá dúdú, epo ló pọ̀ jù. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó, ẹ lọ wo ríǹgì. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná tán tí èéfín funfun kò sì dáwọ́ dúró, omi ti ń wọ inú ẹ́ńjìnnì níbi tí epo ti ń jó, gáskẹ́ẹ̀tì tó ń dí i ti lọ nìyẹn. Pijó 504 ló kún ìgboro nígbà náà, àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975. "Ọ̀kan, mẹ́ta, mẹ́rin, méjì!" Bí epo ṣe ń jó nínú sílíńdà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀léra tẹ̀léra nìyẹn, ọ̀gá sì lè jí wa lójú oorun bi wá léèrè.

Pàátì tí wọ́n bá yọ, inú ọ̀rá ni wọ́n ń wé e sí fún oníbàárà kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń pe gbogbo mẹkáníìkì ní olè. Irọ́ ni. Mo mọ ẹni tí mo sìn.

Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, wọn á fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́, wọn á fi ọṣẹ tún un fọ̀, wọn á pààrọ̀ aṣọ, ó di ilé ní Òkè-Baálẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn á ṣì máa ta ayò lábẹ́ igi, ọ̀gá kì í dúró. Wọn kò kàwé púpọ̀, àmọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ka iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí wọn létí kó tó jẹun alẹ́. Wọn á kàn sọ pé, "Tún ibẹ̀ yẹn kà, ohùn rẹ yí padà." Wọ́n máa ń mọ ibi tí kò yé ọmọ.

Ìyá ńkọ́? O mọ ìkòkò aró ẹ̀yìnkùlé. Ọwọ́ ọkọ dúdú nítorí ọ́ìlì, ọwọ́ ìyàwó dúdú nítorí aró, àwọn méjèèjì á jókòó lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́, wọn á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Èmi rò pé owó ilé ni wọ́n ń ṣírò. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni Ìyá tó sọ fún mi pé iṣẹ́ òun ni bàbá máa ń bi òun: aṣọ wo lo rẹ lónìí, ta ló rà á, ta ló jẹ ọ́ lówó? Nígbà tí Ìyá fi dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì pa. Ìwọ ni wọ́n rán sí alájíìpù yẹn pé kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Owó rẹpẹtẹ ni, wọn kò sì mẹ́nu kàn án láé.

Ayé kọ̀ǹpútà ni o kò bá wọn dé. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa kí wọ́n tó ra sìkánà, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀, ọmọbìnrin wọn tó jáde ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló sì ń bá wọn kà á. Lọ́jọ́ kan, sìkánà gbé kóòdù P0301 wá fún Tòyótà kan: sílíńdà kìíní kò jó dáadáa. Ọ̀gá ní, "Ó sọ ibi tó ń dun ọkọ̀, kò tíì sọ ohun tó ń dùn ún." Wọ́n yọ kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì sílíńdà kìíní ní iná, wọ́n gbé e sórí ìkejì. Nígbà tí a tún yẹ̀ ẹ́ wò, P0302 ló jáde, ìyẹn sílíńdà kejì. Àṣé kọ́ìlì ni! Oníbàárà kò ra púlọ́ọ̀gì kankan. Orí mi wú lọ́jọ́ náà.

Ọmọ iṣẹ́ méjì ló kù tí kò tíì gba fíríìdọ̀mù. Ọ̀dọ̀ mi ni wọn yóò ti parí rẹ̀, mo ti bá àwọn òbí wọn sọ ọ́. A kò ní ta irinṣẹ́ ọ̀gá, Ìyá ti fọwọ́ sí i. Àmọ́ àbíkẹ́yìn wọn ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, àwa tí a gba fíríìdọ̀mù lábẹ́ wọn sì fẹ́ jọ máa san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kọ ohun tí agbára rẹ bá ká ránṣẹ́ sí mi. Jọ̀wọ́, wá fọ́tò ọjọ́ fíríìdọ̀mù wa, èyí tí ọ̀gá ti wọ agbádá, nítorí òjò ti ba ti Ìyá jẹ́. Kí o sì pe Ìyá, lẹ́yìn ìrun Iṣáì ni kí o pè, kí wọ́n lè ráyè bá ọ sọ̀rọ̀ dáadáa.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.