Ìmẹ̀kọ ò sí nínú máàpù wa

Kétu,
Ọjọ́ Àìkú, ní ìrọ̀lẹ́.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù Kánádà ò yọ yín lẹ́nu jù? Gbogbo ilé ń kí yín. Màmá ní kí n sọ fún ọ pé àwọn rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́, kò sì sí ẹni tó wọlé tí wọn ò tíì fi hàn án.

O bi mí lórí fóònù nípa ilé ìkàwé wa, mo ní màá kọ̀wé nítorí ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tí a ti ń ṣe eré ọpọlọ níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀fẹ́ ni, tọmọdé tàgbà ló ń wá.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò dára. Ẹnìkan láti Kùtọnu fún wa ní puzzle kan, àwòrán tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ kí èèyàn tò ó padà. Ó tó ẹgbẹ̀rún kan wẹ́wẹ́, ilé tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ ló sì wà níbẹ̀. Funfun lórí funfun! Àwọn ọmọ jókòó tì í díẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù. Mi ò bá wọn wí. Ta nínú wọn ló rí yìnyín rí?

Mo bá lọ wá bí nǹkan náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ John Spilsbury ló ń tà á láàárín ọdún 1760 sí 1769. Máàpù ló ń lẹ̀ mọ́ pákó, á wá fi ayùn gé e tẹ̀lé ààlà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, kí ọmọdé lè fi kọ́ bí ayé ṣe rí. Bí mo ṣe ka ìyẹn tán ni mo gba ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ẹ̀yìn ọjà lọ, ẹni tó ń gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ó fi pákó fẹ́lẹ́ tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ àga gé máàpù orílẹ̀-èdè Benin fún wa, ẹkùn 12, láti Alibori lẹ́bàá Odò Ọya títí dé Littoral létí òkun. Ó ha etí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi dán bí ojú igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ò ti sá lọ síbi bọ́ọ̀lù mọ́.

A tún ń fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ sínú àpótí lójú pátákó, lóròó àti ní ìbú. Ìjà ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ o! Àpótí mélòó ni «gb» yóò gbà? Àwọn tó fi Faransé kàwé ní méjì. Èmi ní lẹ́tà kan ṣoṣo ni lédè tiwa, àpótí kan ni yóò gbà, mi ò sì yí i padà. Ti ɔ àti ɛ tí a fi ń kọ́ni ní Benin níbí, àti ọ àti ẹ tó wà nínú ìwé tó ń ti Nàìjíríà wá, a gba méjèèjì. Ohun tí a ò gbà ni kí ẹnìkan fi o lásán dípò wọn. Oko kì í ṣe ọkọ.

Àlọ́ ni mo rò pé yóò rọrùn jù. Mo bẹ ìyá àgbà kan pé kí wọ́n wá pàlọ́ fún wa ní agogo mẹ́rin. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní: «Ta ló ń pàlọ́ lójúmọmọ?» Òótọ́ ni, mo ti gbàgbé. Ìyẹn la fi sún eré náà síwájú di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. O ò rí i bí iyàrá ṣe kún! «Àlọ́ o!» «Àlọ̀!» Òrúkú tindí tindì, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, ó lé tìróò fún gbogbo wọn. Ọmọkùnrin kékeré kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá fò dìde: «Ẹ̀wà!»

Ọmọ náà gan-an ló jí ẹkùn Plateau wa gbé. Odindi ọ̀sẹ̀ kan la fi wá a. Ihò gbọọrọ kan dúró sí ibi tó yẹ kí Kétu wà, ó sì dùn mí gan-an. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ìyá bàbá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ wọlé. Wọ́n tú kókó tó wà ní ìṣẹ́tí aṣọ wọn, wọ́n yọ pákó náà jáde. Wọ́n ní ọmọ náà sọ pé ilé àwọn ni òun gbé, òun fẹ́ fi han ìyá òun àgbà. Mi ò lè bínú.

Mo bá wọn fi í sí àyè rẹ̀. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní: «Ìmẹ̀kọ ńkọ́?» Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni wọ́n, ilé ọkọ ló gbé wọn wá sí Kétu. Mo ní Ìmẹ̀kọ ò sí níbẹ̀, Nàìjíríà ló wà. Wọ́n fi ìka tọ etí pákó náà díẹ̀díẹ̀ títí ìka wọn fi bọ́ sórí tábìlì lásán, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. «Ibí yìí ló wà.»

Ìyá Ìbejì, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ó. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889 ni èmi náà ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ayùn tọ̀. Ayé ọmọ Kétu ò mọ níbẹ̀. Ìmẹ̀kọ wà lọ́hùn-ún, Ìlárá tiyín ni ààlà sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Máàpù kejì ni mo fẹ́ ṣe báyìí, ti ilẹ̀ Alákétu tẹ́lẹ̀, tọ̀tún tòsì, kí ìlú kọ̀ọ̀kan jẹ́ pákó kan, kí Kétu sì wà láàárín pẹ̀lú Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, tí a ó yà sí i lára. Gbẹ́nàgbẹ́nà ti gbà. Orúkọ àwọn ìlú àti abúlé ló kù, mi ò fẹ́ fo ọ̀kan.

Torí náà, jọ̀ọ́, bá mi pe Bàbá ní Ìlárá. Mo fẹ́ lọ bá wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú bébà àti bírò, ṣùgbọ́n kí wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu rẹ ṣáájú kí n tó dé. Wọ́n mọ ọ̀nà oko àtijọ́ tó lọ sí Ìmẹ̀kọ dáadáa.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì. Àlọ́ kan rèé fún Táyé àti Kẹ́hìndé: awẹ́ obì kan, à jẹ dé Ọ̀yọ́. Má sọ ọ́ fún wọn o. Kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí mi fúnra wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n dúró di alẹ́ kí wọ́n tó pa á.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Kétu.