Kàmọ́, má rà á fún mi o

Kàmọ́ ọmọ ìyá mi,

Báwo ni òtútù Kánádà? Àwa ń bẹ ní Ìlọrin ńbí, oòrùn ń ṣe tiẹ̀, àwọn oníná náà ń ṣe tiwọn. Màmá yín ní kí n kí ẹ, wọ́n ní o ò pè wọ́n láti Jímọ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ tìẹ nìyẹn, mi ò sí ńbẹ̀.

Vóísì tó o fi ránṣẹ́, pé ṣé kó o ra Player's Handbook tuntun, ìwé òfin Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tá a máa ń ṣe, kó o fún ẹni tó ń bọ̀ wálé ọdún Iléyá kó bá mi gbé e, mo gbọ́, mo sì dúpẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n má rà á. Má bínú.

Ṣó o rántí ìwé wa, ti 2014 yẹn, tá a dáwó rà nígbà tá a wà ní Tanke? Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, sẹ́lòtéèpù ló dì í mú, òróró wàrà tó o dà sójú ibi tí idán Fireball wà ò sì kúrò ńbẹ̀ mọ́, tó o bá gbé e síwájú iná wàá máa rí òdìkejì. Èèyàn mẹ́fà la fi ìwé kan yẹn ṣeré, oníkálukú lọ ṣe fọ́tókọ́pì ibi tó kàn án, Bísí tó ń ṣe cleric, àlùfáà tó ń wo èèyàn sàn nínú eré, ò ní ju ibi ìwòsàn lọ.

Wàyí o, ní oṣù kẹjọ 2022, Wizards of the Coast, ilé-iṣẹ́ tó ni eré náà, kéde pé àwọn ń tún òfin eré náà ṣe. Owó Monster Manual, ìwé àwọn abàmì ẹ̀dá inú eré náà, ti fẹ́ẹ̀ pé lọ́wọ́ mi nígbà yẹn o! Bí mo ṣe gbọ́ báyìí, mo dá owó padà sápò, ta ló fẹ́ lọ ra ìwé tí wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò ẹ̀? Àwọn tó kù náà ò ra nǹkan kan. Ọdún méjì ó lé la fi dúró, torí oṣù kẹsàn-án 2024 ni Player's Handbook tuntun jáde, Monster Manual di oṣù kejì 2025. Ìwé àtijọ́ ò ṣàìsàn o, kò sí òfin kankan tó bàjẹ́ nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n a kàn ń wò ó bí àlejò tó ti di ẹrù ẹ̀.

Sàlíù ló kọ́kọ́ ra Player's Handbook tuntun náà, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Dọ́là àádọ́ta ni wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n kó tó gba Èkó dé Gàrèèjì Ọ̀fà ó ti lé ní N110,000, owó oṣù tí ìjọba ní kó kéré jù nígbà yẹn ò sì ju N70,000 lọ. Ó gbé e wá sí pálọ̀ Bísí ní Òkè-Odò lọ́jọ́ Sunday kan, ńṣe ló ń tan bí bàtà tuntun. Nínú eré, àwọn góbílìn, ìyẹn àwọn iwin kéékèèké, ti lu Ràfíù, ẹ̀mí ẹ̀ ku díẹ̀, Bísí ní òun fẹ́ ṣe Cure Wounds, idán ìwòsàn, fún un, ó gbé dáìsì olójú mẹ́jọ kan, Sàlíù ní rárá, méjì ni. Bísí ní níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Sàlíù ṣí tiẹ̀, méjì ló wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Mo ṣí tèmi, ẹyọ kan. Ràfíù ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ tẹ̀lé ti Sàlíù, èmi ni mò ń kú lọ. Bísí ní tí àwọn góbílìn bá wá tẹ̀lé ìwé tuntun náà ńkọ́? Àárọ̀ yẹn, a ò ṣeré mọ́, ẹjọ́ la dá dọ̀sán.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Aǹkóò ni ọ̀rọ̀ ìwé yìí, Kàmọ́. Tí ìwọ nìkan bá rán tuntun, àwọn tó kù á máa bi ẹ́ pé òde wo lò ń lọ. Wizards ní ìtàn eré àtijọ́ ṣì ṣe é lò pẹ̀lú òfin tuntun, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lọ sọ ìyẹn fún Bísí. Tí ẹnì kan bá ti rà á, ó di dandan kí àwọn márùn-ún tó kù rà á tàbí kí wọ́n bẹ ẹni náà kó gbé e pa mọ́.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará òkè òkun rí o. Ẹ̀dà kẹta eré náà jáde ní 2000, ó di 2003 wọ́n tún gbé 3.5 dé, ọdún mẹ́ta péré! Nígbà tí ẹ̀dà kẹrin wá dé ní 2008, ó yàtọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ò tẹ̀lé e, Paizo, ilé-iṣẹ́ mìíràn, bá gbé eré tiwọn, Pathfinder, jáde ní 2009, òfin 3.5 yẹn náà ni wọ́n fi ṣe é, àwọn tó ní àwọn ò ra ìwé mọ́ ló tún ń ra ìyẹn. Wọ́n lówó lọ́wọ́ o, ohun tí wọ́n ti mọ̀ ni wọn ò fẹ́ jù nù.

Torí náà, ohun tí mo fẹ́ nìyí. Àwọn tó ti ra tuntun lọ́hùn-ún á máa ta ti àtijọ́ ní ẹ̀dínwó, bá mi wá Monster Manual ti 2014, tòkúnbọ̀ ni kó jẹ́, kódà kó ti ya díẹ̀. Ràfíù ò nílò nǹkan kan, òfin tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2023 ló ń kà lórí fóònù. Kó o wá fi dáìsì olójú ogún méjì sí i, tiwa ti bọ́ sí gọ́tà, Ràfíù náà ló jù ú gba wíńdò jáde.

Má sọ fún Bísí o, ṣùgbọ́n Sàlíù yá mi ìwé tuntun yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò sùn. Àwòrán inú ẹ̀ dára, kò yẹ kí n parọ́.

Tí àyè bá ṣì wà nínú báàgì ẹni tó ń bọ̀, màmá yín ní kó o kọ́kọ́ fi oògùn orókún àwọn sí i, kó tó kan dáìsì.

Èmi ni,
Jímọ̀