Ẹ Má Sá Efinrin Sóòrùn Mọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí kí ọyẹ́ tó wọlé. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń sá efinrin sórí páànù lọ́sàn-án gangan ni mo ń bá wí. Oúnjẹ ni mo ń tà n'Ìbàdàn níbí, àsáró mi kì í jáde láìsí efinrin nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rùn bá sì ti mú, ìdì efinrin lọ́jà á kéré, owó rẹ̀ á ga. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tọ́jú tèmi pamọ́.

Òróró tó wà lára ewé yẹn ló ń ta sánsán. Nínú rẹ̀ ni thymol wà, èyí tí wọ́n ń fi sí oògùn ìfọnu. Bí oòrùn bá pa á, òórùn dídùn náà á bá ooru lọ, ewé á wá ṣì bí koríko tí ewúrẹ́ kọ̀.

Àárọ̀, tí ìrì bá ti gbẹ, ni kí ẹ ká a, kó tó tanná. Ẹ ṣàn án, ẹ gbọn omi rẹ̀ nù, ẹ dì í ní ìdì kéékèèké, kí ẹ fi kọ́ sínú yàrá tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, kì í ṣe nítòsí ibi ìdáná. Lásìkò ọyẹ́, kì í pẹ́ gbẹ rárá. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ ní sùúrù: bí ẹ bá dé e mọ́nú ìgò nígbà tí igi rẹ̀ ṣì tutù, á bu. Ẹ má sì gún un o! Odidi ewé ni kí ẹ kó pamọ́ síbi tó ṣókùnkùn. Ìgbà tí ọbẹ̀ bá fẹ́ẹ́ jinná ni kí ẹ tó rún un sí i. (Ewúro ò ní wàhálà yìí, kíkorò rẹ̀ ò bẹ̀rù oòrùn.) Ẹni tó ní fírísà lè lọ̀ ọ́ mọ́ òróró díẹ̀ kó dì, ṣùgbọ́n ta ló fọkàn tán iná tiwa?

Àwọn kan á ní àwọn ò ríbi gbin efinrin, torí onílé ti fi íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo àgbàlá. Onílé tèmi náà ti bò ó. Ike ọ̀dà ni mo lu nísàlẹ̀, mo da iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà sí i, mo gé ẹ̀ka kan lára efinrin tí mo rà ní Bódìjà, mo gbìn ín sínú ike náà. Ó sì hù. Mo máa ń já òdòdó rẹ̀ dànù, torí bó bá ti ń so, ewé rẹ̀ á máa kéré sí i. Kòríko ọba ló wà nínú ike kejì. Àwọn tí a jọ ń gbélé ń já a lọ se tíì láìtọrọ, n ò sì ní dárúkọ wọn níbí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Alásàáró, Ìbàdàn