Ẹ mú PVC (káàdì ìdìbò) yín wá sí ìpàdé Sátidé o

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ẹ kú ojúmọ́ o. Ìpàdé Sátidé yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilé ìyá alága ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jọ̀ọ́ kí kálukú mú PVC ẹ̀ dání ká fojú rí i. Ẹni tó bá sọ tiẹ̀ nù tàbí tó ti kó kúrò ládùúgbò tó ti fórúkọ sílẹ̀ kó tètè wí, INEC, àjọ elétò ìdìbò, máa ń ṣe òmíì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lágbà tójú wọn ò ríran mọ́ nílé, wọ́n lè mú ẹni tó wù wọ́n wọlé lọ bá wọn tẹ̀ka, kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá ibùdó ìdìbò, òfin ìbò ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Àwọn tó ń gba káàdì kiri pé àwọn fẹ́ kọ nọ́ńbà, ẹ má dá wọn lóhùn rárá. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ fèsì síbí kó tó di alẹ́ Fúráìdé.

Akọ̀wé yín