Ẹ Má Fi Ti Leicester Wé Ìyanu Alẹ́ Ọjọ́ Kan

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àfaradà wa. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ẹ̀gbọ́n tó kọ ọ́ ní Leicester City tó gba líìgì Gẹ̀ẹ́sì ní 2016 ò ju oríire lásán lọ, wọ́n ní bí ìgbà tí abẹ̀ṣẹ́ Buster Douglas na Mike Tyson ló rí, pé irú ẹ̀ pọ̀ ní Amẹ́ríkà, àwa la kàn ń pariwo tiwa ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ẹ má bínú sí mi, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti kà á. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, bọ́ọ̀lù la fi ṣeré níbẹ̀, Houston ní Texas ni mo ti ń ṣiṣẹ́ jẹun láti bí ogún ọdún, mo ti jókòó ti àwọn ará ibí wo eré tiwọn débi pé mo mọ èyí tí wọ́n fi ń yangàn àti èyí tó ṣì ń dùn wọ́n títí dòní, torí ẹ̀ ni mo ṣe rò pé mo lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni, 2 May 2016. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà yẹn nílé ìkẹ́rùsí kan, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń wọṣẹ́, ṣùgbọ́n aago méjì ọ̀sán wa níbí ni Chelsea àti Tottenham fẹ́ gbá, ìyẹn aago mẹ́jọ alẹ́ nílé, mo bá tètè lọ jókòó sí yàrá tá a ti ń jẹun, mo gbé fóònù ti ike omi. Tottenham gbọ́dọ̀ wọlé kí ọ̀rọ̀ líìgì yẹn má bàa parí sọ́wọ́ Leicester lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sì ti jẹ góòlù méjì kí wọ́n tó lọ sinmi, Kane jẹ ọ̀kan, Son jẹ ọ̀kan. Mo ti ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n pa dà dé, Cahill ti Chelsea dá ẹyọ kan pa dà. Ó ku bí ìṣẹ́jú méje ni Hazard ti bọ́ọ̀lù sí Diego Costa, ìyẹn rọra dá a pa dà fún un, ó kàn fi ẹsẹ̀ ọ̀tún yí i sókè báyìí, bọ́ọ̀lù ọ̀hún tẹ̀ lójú òfuurufú ó lọ kó sí kọ̀rọ̀ àwọ̀n lókè lọ́hùn-ún, ó di ọ̀mì 2-2. Mo fò dìde, ike omi dà nù, fóònù já bọ́. Arsenal ni mò ń ṣe láti kékeré, Arsenal yìí náà ló sì ṣe ipò kejì lọ́dún yẹn, síbẹ̀ omi bọ́ lójú mi.

Bàbá aláwọ̀ dúdú kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ bíbí Houston, wọlé lásìkò yẹn, ó ní ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú o. Mo ṣàlàyé fún un pé tíìmù kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1884 tí ò gba líìgì àgbà rí láyé, tó ṣì ń gbá ní ìpele kẹta ní 2009, tí àwọn oníléetẹ́tẹ́ ní 5000 sí 1 kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni tó bá fi póùn kan ta á á gba 5000, òun ló gba líìgì báyìí. Bàbá mirí, ó ní áà, bíi tàwọn ọmọ hókì ọdún 1980 nìyẹn. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wa ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lé lóṣù méjì ká tó gbà fúnra wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti hókì orí yìnyín yẹn torí kì í ṣe ohun kékeré. Lake Placid ni, ní New York, níbi ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù. Àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì ti gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin léraléra, 1964, 1968, 1972 àti 1976. Àwọn ọmọ yunifásítì ni Amẹ́ríkà kó jọ, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbà yẹn ni Sófíẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ na àwọn ọmọ yìí kan náà 10-3 nínú eré ìdánrawò. Ni wọ́n bá pàdé lọ́jọ́ 22 oṣù kejì, Amẹ́ríkà sì na wọ́n 4-3. Títí dòní tí wọ́n bá gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn àgbàlagbà á máa nu ojú, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Ṣùgbọ́n alẹ́ kan ni, ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn alẹ́ yẹn ó ku Finland nìkan kí wúrà tó dọ́wọ́ wọn. Ká ní ọmọ Amẹ́ríkà àti ọmọ Sófíẹ́ẹ̀tì bá ara wọn gbá a lẹ́ẹ̀méjìdínlógójì bíi ti líìgì Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin náà mọ ibi tó máa já sí.

Ẹ wò ó, ti Douglas tí ẹ mú wá yẹn náà ńkọ́? Tokyo ni, 1990, àwọn oníléetẹ́tẹ́ ní 42 sí 1, ìyá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kò tíì pé oṣù kan, ó sì gbé Tyson ṣánlẹ̀ ní ìpele kẹwàá. Ẹ̀ṣẹ́ tó bà, ó bà. Kí ọdún yẹn tó parí abẹ̀ṣẹ́ mìíràn, Holyfield, ti gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ ẹ̀.

Èyí tó wá ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tí bàbá yẹn mú wá ni ti 1983, torí ọmọ wa wà níbẹ̀. Hakeem Olajuwon tí wọ́n bí ní Èkó, òun ló ń gbá báskẹ́tì bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì Houston nígbà yẹn, òun àti Clyde Drexler, wọ́n ti wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n léraléra kí wọ́n tó dé àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì. North Carolina State ni wọ́n bá pàdé. Ó ku bí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọ̀mì ni, 52-52, ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, kò débẹ̀ rárá, Lorenzo Charles bá gbé e lójú òfuurufú ó sì kì í bọ inú àwọ̀n, ó parí. 54-52. Wọ́n fún Hakeem ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù nínú ìdíje náà pẹ̀lú pé wọ́n na tíìmù ẹ̀. Bàbá yẹn ní òun wà nílé ẹ̀gbọ́n òun lọ́jọ́ yẹn, òun ò jẹun alẹ́. Mo wá bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti na North Carolina State yẹn kí wọ́n tó wá gba ife? Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá! Ẹni tí wọ́n na lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní líìgì Gẹ̀ẹ́sì, ṣé ó fẹ́ gba ife ni àbí ó fẹ́ máa bẹ Ọlọ́run pé kí òun rí ipò karùn-ún mú? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni wọ́n na Leicester nínú eré 38, Arsenal tiwa ló na ẹ̀ẹ̀mejì nínú ẹ̀. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ní tó bá jẹ́ pé líìgì ni wọ́n fi ṣe é, Houston làwọn ì bá kó ife yẹn fún.

Mo wà lójú fóònù lọ́jọ́ 14 oṣù kejì 2016 yẹn náà. Leicester wá bá wa nílé, àwọn ló kọ́kọ́ jẹ, wọ́n lé ẹnì kan wọn jáde, a dá a pa dà, àkókò ti ń lọ, àfikún ìṣẹ́jú la wà, Özil gbé bọ́ọ̀lù sókè, Welbeck fi orí kàn án wọlé. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ń di ara wọn mú bí ẹni tó ti gba ife. Èmi náà ní tàwọn ọmọ yẹn ti tán, wọ́n ti já wọn láyà. Eré 12 ló kù. Wọn ò pàdánù ẹyọ kan mọ́! Wọ́n wọlé mẹ́jọ, wọ́n gbá ọ̀mì mẹ́rin, nínú àwọn tí wọ́n borí ni Watford, Newcastle, Crystal Palace àti Southampton wà, mẹ́rin tẹ̀ léra, 1-0, 1-0, 1-0, 1-0. Oríire máa ń báni lálejò, kì í bá èèyàn gbé fún oṣù mẹ́wàá. 81 ni pọ́ìntì wọn nígbà tó parí, Arsenal ní 71.

Mi ò ní kí ẹ má sọ pé nǹkan bọ́ sí i fún wọn o. Chelsea tó gba líìgì lọ́dún tó ṣáájú ṣe ipò kẹwàá, Leicester ò sì ní eré Yúróòpù kankan tó máa dá wọn lágara láàárín ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n Chelsea tó ṣubú yẹn, gbogbo ayé ló ṣubú fún, Manchester City àti Arsenal àti Tottenham náà rí àyè yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò jù nìyí. Ní Amẹ́ríkà níbí, wọ́n máa ń ran aláìní lọ́wọ́. Tíìmù tó bá gbẹ̀yìn lọ́dún yìí, òun náà ni wọ́n máa ń fi ṣáájú tàbí kí wọ́n jẹ́ kó sún mọ́ iwájú nígbà tí wọ́n bá ń pín àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde láti yunifásítì, dráfútì ni wọ́n ń pè é, àti pé bíi bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń gbé sáyà sá yẹn, iye kan wà tí tíìmù ò gbọdọ̀ san kọjá lówó oṣù. Torí ẹ̀ ni tíìmù Rams fi lè pàdánù eré 12 nínú 16 ní 1998 kí wọ́n sì gba Super Bowl, ife àgbà bọ́ọ̀lù yẹn, ní sáà tó tẹ̀ lé e. (Kurt Warner tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ti to ọjà sórí pẹpẹ rí ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Iowa, Vardy ti Leicester ti ṣiṣẹ́ ní fákítírì rí, ibẹ̀ yẹn ni mo gbà pé wọ́n jọra.) Èyí tó sún mọ́ ti Leicester jù lójú tèmi ni Mets ti béèsìbọ́ọ̀lù, torí sáà gígùn làwọn náà ń gbá, eré 162. Wọ́n pàdánù 120 ní 1962, wọ́n sì gba World Series, ife àgbà wọn, ní 1969. Ó dáa. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lé wọn lọ sí líìgì ìsàlẹ̀ ní gbogbo ọdún tí wọ́n ń pàdánù yẹn, àti Tom Seaver tó jẹ́ òpómúléró wọn, inú fìlà ni wọ́n ti fà á yọ, orúkọ tíìmù mẹ́ta ni wọ́n kó síbẹ̀, ti Mets ló bọ́ sọ́wọ́.

Ta ló kó orúkọ sínú fìlà fún Leicester? Ìsàlẹ̀ tábìlì líìgì ni wọ́n jókòó sí fún 140 ọjọ́ lọ́dún tó ṣáájú, ohun tó sì ń dúró dè wọ́n níbẹ̀ ni kí wọ́n lé wọn lọ sí líìgì ìsàlẹ̀, wọ́n wọlé méje nínú eré mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn kí wọ́n tó yọ. Kanté, bíi mílíọ̀nù márùn-ún ààbọ̀ póùn ni wọ́n rà á láti Caen. Mahrez ò tó ìdajì mílíọ̀nù kan. Vardy, mílíọ̀nù kan, láti líìgì àwọn tí ò tíì wọ líìgì. Lọ́dún yẹn kan náà, ó ju 50 mílíọ̀nù lọ tí Manchester City ná lórí De Bruyne nìkan.

Nígbà tí Leicester já sí ìsàlẹ̀ ní 2023, Ndidi àti Iheanacho tiwa wà níbẹ̀, ọdún méjì péré sí ìgbà tí àwọn méjèèjì bá wọn gba FA Cup. Bàbá yẹn ti fẹ̀yìn tì, ó rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, ó pè mí. Ó ní àwọn tó jẹ́ kí o da omi sílẹ̀ yẹn kọ́ ni? Mo ní àwọn ni. Ó ní ṣé wọ́n á wá jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mú ọmọ báyìí? Mo ní rárá, wọ́n á lọ máa gbá ní ìsàlẹ̀ ni. Ó ní ẹni tó gba ife lọ́dún méje sẹ́yìn? Mo ní ẹni tó gba ife lọ́dún méje sẹ́yìn.

Èmi òǹkàwé yín láti Houston