Ẹ Má Gbé Oògùn Hòmóònù Méjì Mì Nítorí Ọ̀kan Tí Ẹ Gbàgbé

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí síta fún àwọn ìyá wa ní Adó, Ìkéré, Ìkọ̀lé àti gbogbo ilẹ̀ Èkìtì, àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró, tí dókítà sì fún ní oògùn hòmóònù nítorí ooru abẹ́nú àti òógùn òru. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa apoògùn ni pé, “Mo gbàgbé ti àná, ṣé kí n gbé méjì mì lónìí?” Rárá o. Méjì kò lè dí àlàfo àná, ṣùgbọ́n ó lè mú kí èébì máa gbé yín, kí orí fọ́ yín, kí ọyàn sì máa dùn yín.

Bí àsìkò tí ẹ máa ń lo hóró yín kò bá tíì kọjá wákàtí 12, ẹ lò ó bí ẹ bá ti rántí. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ nínú páálí, kí ẹ lo tòní lásìkò rẹ̀. Bákan náà ni ti jẹ́ẹ̀lì tí à ń fi para.

Ní ti pèlébé tí à ń lẹ̀ mọ́ ara, ọjọ́ pípààrọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ẹni tó ń pààrọ̀ ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, tó wá rántí ti Ajé ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì tún pààrọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Bó bá já bọ́, ẹ lẹ òmíràn, ọjọ́ kò yí padà. Òrí àti ìpara ló sábà máa ń jẹ́ kó ṣí, àti òógùn: ẹni tó ń gún iyán lọ́sàn-án mọ bó ṣe ń ṣàn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí tàbí itan tó mọ́ tó sì gbẹ, kì í ṣe ọyàn, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Estrogen ni hòmóònù tó ń lé ooru, progesterone sì ni èkejì tí à ń lò mọ́ ọn. Fífi progesterone sílẹ̀ gan-an ló ń bà wá lẹ́rù. Estrogen nìkan máa ń mú kí awọ inú ilé-ọmọ nípọn, èyí sì lè di jẹjẹrẹ. Progesterone ni kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan ń fi í sílẹ̀ torí pé oorun ń kùn wọ́n tàbí torí owó, wọ́n sì ń bá estrogen lọ nítorí pé ìyẹn ló ń lé ooru. Èyí burú ju kéèyàn gbàgbé hóró kan lọ fíìfíì. Ẹ̀yin tí ilé-ọmọ yín ṣì wà, bí owó kò bá ká méjèèjì, ẹ má ra estrogen nìkan. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Torí oorun tí progesterone ń fà náà ni a ṣe ń lò ó nígbà tí a bá fẹ́ sùn, tí oúnjẹ alẹ́ ti dà. Bí ẹ bá rántí láàárọ̀, ẹ má gbé e mì kí ẹ tó gun ọ̀kadà lọ sọ́jà. Ẹ dúró dalẹ́, kí ẹ lo ẹyọ kan. Ẹni tó ń lò ó fún ọjọ́ 12 tàbí 14 lóṣù, tó sì gbàgbé ju alẹ́ kan lọ, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá kó fi ọjọ́ kún un.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè yọ lẹ́yìn tí ẹ bá gbàgbé. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀, tí kò dá, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 6 tí ẹ ti ń lo oògùn, ẹ má sọ pé oògùn tí ẹ gbàgbé ló fà á. Ẹ lọ fi han dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Adó tàbí Ìdó. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbàgbé sára páálí, kí ẹ sì mú un dání lọ.

Àwa apoògùn kan,
Adó-Èkìtì.